Bí Fóònù Bá Tẹ̀ Lé Wa Dé Àárín Omi

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti omi ọ̀gbàrá, kì í sì í ṣe ti omi ẹ̀rọ tí kì í yọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń dìídì lọ sínú igbó ni, tí wọ́n á fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí etí wọn ṣáà lè sinmi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn báyìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ, torí pé ohun tó lé wọn bá inú igbó náà ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí wa lálaalẹ́.

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Boundary Waters. Ká pè é ní Omi Ẹnu Ààlà, nítorí ẹ̀gbẹ́ ààlà Amẹ́ríkà àti Kánádà ló wà. Igbó àti omi ni gbogbo rẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan éékà, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, adágún tó wà nínú rẹ̀ sì ju 1,000 lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná. Yàtọ̀ sí adágún mélòó kan tí òfin ti fàyè gba ẹ́ńjìnnì kékeré, àjẹ̀ ọwọ́ ni gbogbo èèyàn fi ń rìn.

Bí ẹ bá tu ọkọ̀ dé ìparí adágún kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó dojú ọkọ̀ dé, ẹ ó gbé e lé èjìká, ẹ ó sì rù ú gba ọ̀nà tóóró inú igbó títí ẹ ó fi kan adágún tó tẹ̀ lé e. Wọn kì í fi máìlì wọn àwọn ọ̀nà yìí. Òṣùwọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní rod ni wọ́n ń lò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún ààbọ̀ ni rod kan, kò jìnnà sí gígùn ọkọ̀ àjẹ̀ kan. Bí máàpù bá sọ pé 100 rod ni ọ̀nà kan, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ó ru ọkọ̀ náà tó ọgọ́rùn-ún ìlọ́po gígùn rẹ̀ kí omi tó gbà á lọ́rùn yín.

Ìjọba kì í jẹ́ kí èrò kún ibẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ikọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ ju èèyàn mẹ́sàn-án lọ, ọkọ̀ wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin. Wọn ò gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ inú agolo tàbí ohun mímu inú ìgò wọlé. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dún kan ju 100,000 lọ, tí bàbá, ìyá àtọmọ wà lára wọn.

Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ loon, òun ni ẹyẹ tí ìpínlẹ̀ Minnesota fi ṣe àmì ara wọn. Bó bá ké lóru, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lódìkejì omi, tí ẹlòmíì sì ń dárò. Kí èèyàn dùbúlẹ̀ sínú àgọ́ kó gbọ́ ohùn yẹn, kó má sì gbọ́ ohùn kankan mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ohun tí wọ́n ń ru ọkọ̀ lérí nìyẹn.

Àwọn àmì tó ń yọ díẹ̀díẹ̀

Ìdákẹ́jẹ́ ò ní ògiri. Kò sẹ́ni tó lè yí ọgbà ká a. Ohun kékeré ló sì ń bà á jẹ́.

Ẹ wo sípíkà kékeré tí kò ju ife ìmumi lọ. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá tan orin láti inú rẹ̀ létí adágún lálẹ́, àwọn tó pàgọ́ sí òdìkejì yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ wọn ni. Ìdí ni pé lálẹ́, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ omi máa ń tutù ju ti òkè lọ, èyí sì máa ń tẹ ohùn padà sísàlẹ̀ kó má lè fò lọ sókè. Ohun kan náà tó ń gbé igbe ẹyẹ loon dé ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé orin ẹlòmíì dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tó máa ń kùn yùnùyùnù bí agbo oyin. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e fò tàbí kó bà á sílẹ̀ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé inú àpò ló ń gbà wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fóònù tó ń tàn nínú àgọ́ láàárín òru, torí pé ẹnì kan ń wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ta sí i níbẹ̀.

Ojú ọ̀run pàápàá ò dá wà mọ́. Lọ́dún 2020, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkùnkùn ojú ọ̀run fún Boundary Waters ní oyè ibi ààbò fún òkùnkùn alẹ́, torí pé ìràwọ̀ tí ojú ń rí níbẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ju ọgọ́ta sátẹ́láìtì Starlink sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì ti tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá wòkè lálẹ́ báyìí lè rí wọn nígbà míì tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, tí wọ́n ń lọ láìdúró.

Ìjà náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé fóònù ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà sórí omi ló gba ìgboro. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ò tu ọkọ̀ mọ́. Wọ́n á wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á balẹ̀ sáàárín adágún, wọ́n á dẹ odò, wọ́n á padà sílé. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta tu ọkọ̀ débẹ̀ á ṣàdédé gbọ́ ariwo lókè orí rẹ̀.

Àwọn aráàlú kan gbógun ti èyí. Ọ̀kan nínú wọn ni Sigurd Olson, òǹkọ̀wé tó ń gbé nílùú Ely, tó sì ti máa ń ṣamọ̀nà àwọn atukọ̀ nínú igbó náà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, ọdún 1949, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí àṣẹ kan pé ọkọ̀ òfuurufú kankan ò gbọ́dọ̀ fò kọjá lórí igbó náà bí kò bá ga tó 4,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Lọ́dún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dáàbò bo irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, lọ́dún 1978 sì ni òfin mìíràn dín ibi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lè dé nínú Boundary Waters kù gan-an.

Òfin ò ṣàì dun àwọn kan. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan wà, Dorothy Molter lorúkọ rẹ̀, tó ń gbé lórí erékùṣù kan nínú adágún Knife Lake láti nǹkan bí ọdún 1934. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé àlejò àti ẹrù wá fún un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àṣẹ Truman múlẹ̀, ó di kó máa tu ọkọ̀, kó sì máa ru ẹrù fún nǹkan bíi máìlì 15 kó tó dé ibi tí mọ́tò ń gbà. Kò torí ẹ̀ kúrò. Ó ń tọ́jú àwọn tó fara pa, ó sì ń po root beer, irú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún atukọ̀ tó ń yà kí i. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, Ìyá Ẹlẹ́rìndòdò ni gbogbo ayé ì bá máa pè é. Òun lẹni ìkẹyìn tó fi igbó náà ṣe ilé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1986, lẹ́ni ọdún 79.

Mo mẹ́nu ba obìnrin yìí nítorí pé ó jẹ́ ká mọ ohun kan. Ibi tí kò sí ẹ̀rọ kọ́ ni ibi tí kò sí ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Òpó tó ń ṣẹ́jú lóru

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, jíjìnnà ibẹ̀ nìkan ti tó láti lé fóònù sẹ́yìn. Bó ṣe di nǹkan bí ọdún 2010, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T fẹ́ gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ró lẹ́bàá ọ̀nà Fernberg, nítòsí ìlú Ely. Ìta ààlà igbó náà ni, kì í ṣe inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga òpó ọ̀hún jẹ́ 450 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Cocoa House nílùú Ìbàdàn, ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n gbé e dúró sínú igbó, kí ẹ tún wá fi lé e lórí sí i.

Ohun tó ga tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná tó ń ṣẹ́jú lóru kí ọkọ̀ òfuurufú má bàa kọ lù ú. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo Boundary Waters gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní kò sí ohun tó burú nínú kí àwọn aráàlú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àmọ́ kí òpó náà mọ ní 199 ẹsẹ̀ bàtà, torí pé èyí tí kò bá tó 200 kò pọn dandan kó ní iná. Àwọn tó fara mọ́ òpó gíga náà dáhùn pé ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà inú yìnyín, tàbí tí àyà ń dùn nílé rẹ̀, kò lè máa dúró de ìràwọ̀.

Lọ́dún 2011, adájọ́ gbè fún òpó kúkúrú. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dojú ìdájọ́ náà dé, ilé iṣẹ́ náà sì rí àṣẹ gbà láti gbé òpó gíga ró. Ohun tó wú mi lórí nínú ẹjọ́ yẹn ni pé kò sí òpònú níhà méjèèjì. Ẹ̀mí èèyàn ni àwọn kan ń gbèjà. Ohun tó ń mú kí ẹ̀mí dùn ún ní ni àwọn yòókù ń gbèjà.

Bọ́tìnnì tó ń gba ẹ̀mí là

Ẹ má ṣe jẹ́ ká fojú kéré ewu. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1999, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣayẹyẹ òmìnira, ìjì líle kan fẹ́ gba Boundary Waters kọjá. Ó wó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi. Igi ya lu àgọ́ àwọn èèyàn, ó sì dí ọ̀nà tí wọ́n ń ru ọkọ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ ló fara pa, tí wọn ò sì rí ọ̀nà ké sí ẹnikẹ́ni. Àwọn olùgbàlà ní láti máa fi ọkọ̀ òfuurufú orí omi lọ láti adágún kan sí èkejì, kí wọ́n máa wá ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ wò ó: ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n lé jáde lọ́jọ́ kìíní ló wá gbà wọ́n sílẹ̀.

Láti ọdún 2003 ni òfin Amẹ́ríkà ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì kékeré dání. Bí ẹni tó ni ín bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, yóò ké sí àwọn sátẹ́láìtì tó ti ń gba ẹ̀mí là láti ọdún 1982, àwọn wọ̀nyí yóò sì sọ fún àwọn olùgbàlà ibi tó wà gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ bíi Garmin inReach dé, tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tó sì lè gba èsì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, fóònù iPhone 14 bẹ̀rẹ̀ sí í lè ké sí sátẹ́láìtì fún ìrànlọ́wọ́. Nígbà tó sì di ọdún 2025, ilé iṣẹ́ T-Mobile àti Starlink bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ kíkọ láti ojú ọ̀run wá sórí fóònù lásán ní Amẹ́ríkà, níbi tí òpó kankan ò sí.

Ìyẹn ni pé jíjìnnà ò lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún wa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti ilẹ̀kùn.

Bọ́tìnnì náà tún ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn ọkùnrin méjì kan àti ọmọkùnrin wọn méjì rin ìrìn àjò lọ sínú àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tẹ bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, omi ló tán lọ́wọ́ wọn, àmọ́ wọ́n ti rí omi kí hẹlikópítà tó dé. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní omi tí wọ́n rí ń dùn bí iyọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé wọn kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n sì fẹ̀sùn kan aṣáájú wọn. Bí èèyàn bá ń ké ìbòsí ní gbogbo ìgbà, lọ́jọ́ tí olè bá dé lóòótọ́, àdúgbò á ti yíjú kúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń wa hẹlikópítà wọnú àfonífojì lóru, àwọn náà ní ìyàwó àtọmọ nílé.

Ọkọ̀ náà pàápàá, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé, "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọn ò fẹ́, kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ẹ̀yà Ojibwe, tó ti ń gbé àgbègbè yẹn kí òyìnbó tó dé, ló ń fi èèpo igi birch ṣe ọkọ̀ tó fúyẹ́, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ Grumman tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun bẹ̀rẹ̀ sí í fi pánù alumíníọ̀mù ṣe ọkọ̀ àjẹ̀. Lónìí, Kevlar ni ọ̀pọ̀ ń lò, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ìbọn kì í ràn. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ṣe lè má wọ̀n ju kílò ogún lọ, ìyá ọlọ́mọ lè dá a rù.

Kí ló wá dé tí a kì í bínú sí Kevlar, tí a ń bínú sí fóònù? Nígbà tí mò ń túmọ̀ àwọn ìwé tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo rí ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó ń da atúmọ̀ láàmú níbẹ̀ ni wilderness. Bí mo bá pè é ní aginjù, iyanrìn ni ẹlòmíì á máa rò. Bí mo bá pè é ní igbó, oko ẹgàn lẹ́yìn ilé náà igbó ni. Ijù ló sún mọ́ ọn jù, ibi tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ti ṣọ̀wọ́n. Ohun tí òfin ọdún 1964 sì pe èèyàn nínú irú ibẹ̀ ni àlejò tí kò ní dúró pẹ́.

Àlejò! Ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá dáadáa. Àlejò lè wọ bàtà tó dára wá, ó lè gun mọ́tò wá, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ohun tí kò dára ni kó dé iwájú onílé tán, kó yí ẹ̀yìn sí i, kó máa bá ẹlòmíì tó wà níbòmíì sọ̀rọ̀ títí dìgbà tó máa lọ. Ọkọ̀ Kevlar gbé àlejò débẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Fóònù kò jẹ́ kó débẹ̀ tán. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ẹ̀rọ nìyẹn: ṣé ó ń gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, àbí ó ń jí mi gbé kúrò níbẹ̀?

Ẹ fi wọn GPS wò. Ó dára, kò jẹ́ kí èèyàn sọnù. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá tó bá jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú máàpù lórí itan, tó ń fi erékùṣù inú máàpù wé erékùṣù iwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára omi. Èyí tó ń wo àmì kékeré tó ń rìn lójú fóònù, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. Bí bátìrì bá kú, ọ̀kan nínú wọn á mọ̀nà ilé.

Àwa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n kan ní ọ́fíìsì wa ka àkọsílẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, àwọn tó ń sanwó lọ jìyà nínú igbó lò ń kọ̀wé nípa wọn? Ìyá mi wà lábúlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló fẹ́ kí n pa fóònù mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ."

Òótọ́ ni lóòótọ́. Lórí omi tiwa, ìdákẹ́jẹ́ kì í sábà jẹ́ afẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń gbé àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ wálé dànù lóru lórí odò Ọya, lágbègbè Pátígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ẹni tó ń gbé etí odò ní Kwara, Niger, Kebbi, Bayelsa tàbí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ kò bínú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ń gbàdúrà pé kó tètè dé ni, pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ti jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yó máa sọ fún ẹni tí kò rí i rárá pé kò dára.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló ti jẹ ẹ́ yó. Starlink pàápàá ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Ìdílé máa ń pé jọ nígbà ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá tí wọn ò fojú kan ara wọn, kí kálukú wá tẹ orí ba sórí fóònù. Màmá àgbà á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, á sì dánu dúró, torí kò sẹ́ni tó ń gbe ìtàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Fóònù ti pẹ́ lọ́wọ́ wa débi pé a ò mọ ibi tí ọwọ́ parí sí mọ́.

Ohun tí àwọn atukọ̀ lè kọ́ wa

Àwọn tó mọ ìrìn inú igbó omi dáadáa kò ju ẹ̀rọ wọn sódò. Wọ́n bá a ṣàdéhùn ni. Mo rò pé ìdílé èyíkéyìí lè yá àdéhùn wọn lò.

Èkíní, wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó wà nílé, kí wọ́n tó gbéra, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà àti ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Bí wọn ò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹni yẹn mọ ibi tó yẹ kó pè. Àwọn bàbá wa ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lọ sóko ọdẹ. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, bátìrì rẹ̀ kì í sì í kú.

Èkejì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń pe ìrànlọ́wọ́ wà láàárín gbogbo ikọ̀. Ìsàlẹ̀ àpò ló ń gbé. Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun tó máa mú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́: egungun tó ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ẹni tó sọnù. Òjò àti ẹ̀fọn kò sí lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ara wọn nípa ìlérí. Bí bàbá bá ṣèlérí pé alaalẹ́ lòun á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sílé, tí igi bá wá dí sátẹ́láìtì lójú lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ò ní sùn, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà kí ọkàn lè balẹ̀ á wá di ohun tó ń já ọkàn. Ó sàn kí wọ́n sọ pé, "Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, àlàáfíà la wà."

Nílé tiwa, ẹ wo bó ṣe lè rí. Ẹ yan wákàtí méjì, bóyá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ wá abọ́ kan tàbí àpótí kan, kí gbogbo fóònù wọnú rẹ̀, ti bàbá ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọmọ tó rí i pé ti bàbá ṣì wà lápò kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ náà le. Ní ti ẹ̀gbọ́n wa tí ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ní ibi tí a ti lè pa ohùn gbogbo èèyàn, kí ti ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré sì máa dún. Kí wọ́n fi nọ́ńbà ìyá síbẹ̀, kí wọ́n fi ti aládùúgbò rẹ̀ kún un. Bí fóònù bá dún láti inú abọ́, gbogbo ilé á mọ̀ pé ó tó gbé. Bí kò bá dún, kí wọ́n jókòó.

Níkẹyìn, ẹ má fi wákàtí náà ṣòfò pẹ̀lú ìwàásù nípa ìbàjẹ́ ayé òde òní. Ẹ ta ayò. Ẹ pa àlọ́. Ẹ jẹ́ kí màmá àgbà parí ìtàn tó dánu dúró lé lórí nígbà Iléyá. Bí ilé bá tilẹ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì tètè wá nǹkan fi dí i. Àwọn kan ń ru ọkọ̀ lérí fún ọgọ́rùn-ún rod nítorí irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.